Abala Kẹrin

Bí Ẹ̀fúùfù ṣe ń lọ aṣọ nílé ìfọṣọ láàárọ̀ Sátidé yẹn, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò dúró sójú kan. Ó tẹ kọ́là ṣẹ́ẹ̀tì, ó fò sọ́tùn-ún. Ó yí apá ṣẹ́ẹ̀tì padà, ó fò sósì. Ọ̀gá rẹ̀ obìnrin wò ó títí, ó ní kó máa lọ sílé kó tó jó aṣọ oníbàárà, pé abẹ̀ṣẹ́-kù-bí-òjò tó ń lọ jà nírọ̀lẹ́ kò gbọ́dọ̀ ti àárọ̀ máa bá ṣòkòtò jà.

Ọmọbìnrin ẹni ogún ọdún ni. Ọdún mẹ́fà ló ti fi ń kọ́ ẹ̀ṣẹ́ kíkàn lọ́dọ̀ Kóòṣì, bàbá kan tó ń po ìyẹ̀fun nílé búrẹ́dì, tó sì gba yàrá òkè ilé búrẹ́dì náà fún àwọn ọmọ ẹ̀kọ́ rẹ̀. Ooru ààrò a máa gba abẹ́ pátákó gòkè bá wọn, òórùn búrẹ́dì a sì máa dá ẹni tí ebi ń pa lóró. Níbẹ̀ ni wọ́n ti sọ ọ́ ní Ẹ̀fúùfù, torí pé á fọwọ́ kàn ọ́, kí o tó yíjú, ó ti wà lẹ́yìn rẹ. Ìjà mọ́kànlélógún ló ti jà láàárín àwọn tí kì í gbowó jà, tó jẹ́ àmì-ẹ̀yẹ nìkan ni wọ́n ń gbà. Méjìdínlógún ló borí. Abala mẹ́ta-mẹ́ta ni gbogbo rẹ̀, pẹ̀lú akoto lórí.

Ti ìrọ̀lẹ́ yìí yàtọ̀. Ìjà oníṣẹ́ ni, ti àwọn tó ń gbowó jà: kò sí akoto, ìbọ̀wọ́ fẹ́lẹ́, abala mẹ́rin. Àyè kan ṣoṣo ni ọkùnrin tó ń ṣètò ìjà ní fún obìnrin lọ́dún tó ń bọ̀. Ẹni tó bá borí láàárín Ẹ̀fúùfù àti ọmọbìnrin kan tí wọ́n ń pè ní Òkúta ni yóò gbà á. Ẹni tó bá sì fìdí rẹmi, kò ní lè padà sáàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ àtijọ́ mọ́, torí òjò tó ti rọ̀ kì í padà sójú sánmà.

Ìyá àgbà tó tọ́ ọ dàgbà mú un kúnlẹ̀ ní yàrá, ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé e lórí.

"Ọkọ mi, afẹ́fẹ́ tí í ṣí fìlà lórí ọba láìtọrọ gáfárà. A-jà-má-bẹ̀rù ọmọ. Ọwọ́ tó bá nà sí ọ, òfìfo ni yóò bá. Ọlọ́run tó ń gbé aláìlágbára lékè yóò bá ọ wọ inú okùn ojú ìjà, yóò sì bá ọ jáde."

"Àmín, Màmá. Ṣùgbọ́n ẹ̀fúùfù kì í gbé òkúta o."

"Ta ló ní kó gbé e? Kó sáà fọ́n iyanrìn sí i lójú."

Nígbà tí agogo abala kìíní dún nínú gbọ̀ngàn, ọkàn Ẹ̀fúùfù ń lù kìkìkì bí ẹni tó gbọ́ ìròyìn ayọ̀. Ìmọ́lẹ̀ bo ojú ìjà, àwọn èèyàn ń fi ẹsẹ̀ kilẹ̀, Màmá jókòó síwájú, ètè rẹ̀ ń mì lórí àdúrà. Òkúta kúrú, èjìká rẹ̀ fẹ̀ bí àpótí. Ẹ̀ṣẹ́ rẹ̀ àkọ́kọ́ bà á lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú, níbi tí akoto ti máa ń wà tẹ́lẹ̀. Ẹ̀fúùfù rí ìràwọ̀ ní kedere, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín. Bó ṣe rí nìyí. Ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké.

Ó jó, ó yí i po, ó ń fọwọ́ kàn án, ó ń lọ. Síbẹ̀ díẹ̀díẹ̀ ni Òkúta ń mọ ọ̀nà rẹ̀. Kò ju ẹ̀ṣẹ́ síbi tí Ẹ̀fúùfù wà mọ́, ibi tó ń lọ ló ń jù ú sí. Abala kejì le koko.

Ní abala kẹta, Ẹ̀fúùfù tú gbogbo ohun tó wà lápò. Ọwọ́ rẹ̀ ń ta bí àgbàdo nínú páànù gbígbóná, gbogbo gbọ̀ngàn dìde. Agogo dún. Ó tu rọ́bà eyín sọ́wọ́, ó na apá sókè, ó dì mọ́ Òkúta, ó sì bọ́ sí igun ọ̀tá lọ kí kóòṣì wọn, bí ọmọ tí a kọ́ ṣe máa ń ṣe nígbà tí ìjà bá parí. Ó kúnlẹ̀ díẹ̀, ó ní, "Ẹ ṣeun, sà."

Kóòṣì Òkúta, bàbá arúgbó kan, ń fún omi nínú tówẹ̀lì. Ó wò ó tàánútàánú.

"Ìwọ náà ṣeun, ọmọ mi. Àmọ́ ó ku ọ̀kan."

Gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín. Ọdún mẹ́fà ni ara ti fi kọ́ pé abala kẹta ni ìjà ń parí, orí nìkan ló mọ̀ pé ó ti di mẹ́rin, ara kò sì bi orí kó tó ná gbogbo agbára tán. Ẹ̀fúùfù padà sí igun rẹ̀ pẹ̀lú ojú tó ń gbóná. Kóòṣì kò bú u. Ó da omi sí i lórí, ó sì bi í bóyá nǹkan kù nínú ẹsẹ̀. Ẹ̀fúùfù ní kò kù. Kóòṣì ṣírò rẹ̀ lọ́kàn: ti Òkúta ni abala kìíní àti èkejì, ti Ẹ̀fúùfù ni ẹ̀kẹta. Àfi kó lù ú ṣubú kó tó lè borí.

"Bí ẹsẹ̀ bá ti lọ, má wá a lọ," ni Kóòṣì wí. "Ẹni tí kò lè sá, dandan ni kó jà. Ṣé o ti rí mi níbi tí mo ti ń po ìyẹ̀fun? Ọwọ́ kọ́ ló ń pò ó. Fi gìgísẹ̀ mọ́lẹ̀, jẹ́ kó ti ìbàdí wá."

Agogo dún. Òkúta ń rẹ́rìn-ín bọ̀, ó ṣì ń gbádùn àwàdà ẹ̀ẹ̀kan. Ó ju ọwọ́ ọ̀tún líle kan sápá òsì, níbi tí Ẹ̀fúùfù ti ń sá sí láti ìrọ̀lẹ́.

Ẹ̀fúùfù kò sá. Kò ní ohun tí yóò fi sá. Ẹ̀ṣẹ́ náà gba etí rẹ̀ kọjá fìì, ó gbá afẹ́fẹ́. Ẹ̀fúùfù fi gìgísẹ̀ mọ́lẹ̀, ìbàdí yí, èjìká tẹ̀lé e, ìkúùkù dé àgbọ̀n Òkúta gbàgà. Ní gbogbo ìjà mọ́kànlélógún, kò gbọ́ irú ìró bẹ́ẹ̀ rí láti ọwọ́ ara rẹ̀.

Òkúta jókòó sílẹ̀ bí ẹni tí wọ́n fún ní àga.

Rẹfirí kà á dé mẹ́jọ kí Òkúta tó dìde. Lẹ́yìn náà ni ìjà wá gbóná jù. Wọ́n dúró síwájú ara wọn, èyí gbà, èyí san án padà, kò sẹ́ni tó gbé ẹsẹ̀. Màmá ti gbàgbé àdúrà, ó ń pariwo kí Ẹ̀fúùfù lù ú sí i. Nígbà tí agogo dún, ìbọ̀wọ́ Ẹ̀fúùfù wúwo bí kókó irin.

Adájọ́ kan ní ọ̀mì ni. Àwọn méjì yòókù ní Ẹ̀fúùfù ló borí. Kóòṣì gbé e lérí èjìká tóun ti ìyẹ̀fun tó kù lára ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀, Òkúta fúnra rẹ̀ wá dì mọ́ ọn.

Ní yàrá ìmúra, olùṣètò ìjà gbé ìwé àdéhùn àti bírò ka iwájú Ẹ̀fúùfù. Kóòṣì fi sísọ́ọ̀sì gé báńdéèjì kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ kó lè buwọ́ lù ú. Ọkùnrin náà ní ìjà rẹ̀ tó kàn di ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ òní, abala mẹ́fà.

"Mẹ́fà," ni Ẹ̀fúùfù tún un sọ. Ó wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀ méjèèjì lábẹ́ tábìlì, ó sì mú bírò. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ kọ iye yẹn gàdàgbà, kí àwọn wọ̀nyí lè rí i kà."