Ìpolówó Tó Ń Kí Àyọ̀kẹ́

Bí wọ́n bá ń ka àwọn tó mọ ọmọ wẹ̀ ní Òkèrèwè, ẹ má ka ẹlòmíràn ṣáájú Àyọ̀kẹ́. Ọmọ tó bá bọ́ sí i lọ́wọ́, á fọ̀ ọ́, á nà án, á jù ú sókè, oríkì á sì máa tẹnu rẹ̀ jáde bí omi.

Àfi ìgbà tí Fisáyọ̀mi, ọmọ ọmọ rẹ̀, bímọ. Àyọ̀kẹ́ tẹ́ ọmọ náà sẹ́sẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ oríkì ilé wọn, ló bá gé mọ́ ọn lẹ́nu láàárín. Comfort, ìyá ọkọ Fisáyọ̀mi tó wá láti Ìpetumodù, kò jẹ́ kó bọ́ sílẹ̀.

"Àna mi, ẹ jẹ́ kí n gbà á. Tiwa kì í sinmi lójú ọ̀nà."

"Tiwa ló gùn jù, ó ń mí ni."

Wọ́n jọ rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n Àyọ̀kẹ́ mọ̀ pé bí ọjọ́ ìkómọ bá dé tí òun ò rí i kì já, oríkì Ìpetumodù nìkan ni etí ọmọ yóò mọ̀.

Oríkì náà ò kúkú sọnù. Abímbọ́lá, ẹ̀gbọ́n Àyọ̀kẹ́, ti kì í tán pátá kó tó kú. Àwọn kan gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀, wọ́n gbé e sórí ayélujára. Fisáyọ̀mi ṣí i fún Àyọ̀kẹ́ nínú búráúsà, ohun tí fóònù fi ń wo ayélujára.

Ohùn Abímbọ́lá ò tíì dé àárín tí ìpolówó fi bo ojú fóònù. Obìnrin kan ń rẹ́rìn-ín níbẹ̀: "Ẹ kú àárọ̀ o, màmá wa! Ẹ tẹ ibí, ẹ gba oògùn orúnkún."

"Ẹ kú àárọ̀ o, ṣé dáadáa la jí?" Àyọ̀kẹ́ tẹ̀ ẹ́. Fóònù gbé e lọ sọ́jà ọlọ́jà. Ó padà, ẹlòmíràn tún kí i, ó tún dáhùn, ó tún tẹ̀ ẹ́.

"Màmá, ẹ má dá wọn lóhùn mọ́. Ẹ pa á dé."

"Kí ènìyàn kí mi, kí n pa ilẹ̀kùn dé mọ́ ọn lójú? Ta ló kọ́ mi bẹ́ẹ̀? Kúkú má jẹ́ kí wọ́n dé ọ̀dọ̀ mi rárá."

"Búráúsà yìí ò ní ohun tó ń dí ìpolówó, Màmá."

"Yàrá ni búráúsà. Bí yàrá ò bá ní kọ́kọ́rọ́, ṣé fóònù tó jẹ́ agbo ilé ò ní ẹnubodè ni?"

Fisáyọ̀mi wò ó, ó pàtẹ́wọ́. "Ó ní in o!"

Ó ṣí sẹ́tìn, ibi tí wọ́n ti ń to fóònù. Ó ṣàlàyé pé kí fóònù tó lọ síbikíbi, ó ní ẹni tó máa ń bi léèrè ojúlé ibẹ̀. A lè pààrọ̀ ẹni náà. "Ẹnìkan wà tí kì í júwe ilé onípolówó. Orúkọ rẹ̀ la máa kọ síbí."

"Pe lẹ́tà rẹ̀ kí n tẹ̀ ẹ́. Ìwé mẹ́ta ni mo kà, àmọ́ lẹ́tà ò lé mi sáré rí."

Ó fo lẹ́tà kan. Fóònù kọ̀, kò lọ síbì kankan mọ́.

"A ti ti ilẹ̀kùn mọ́ tọmọ tàlejò síta," ni Àyọ̀kẹ́ wí. Ó pa á rẹ́, ó fara balẹ̀ tún un tẹ̀.

Nígbà tí wọ́n padà síbi oríkì, ibi tí ìpolówó ń jókòó sí ti funfun báláú. Ẹnikẹ́ni ò kí ẹnikẹ́ni. Abímbọ́lá ń bá tirẹ̀ lọ títí ó fi dé àárín: "Ọmọ a-bomi-fálejò-kó-tó-béèrè-orúkọ, ọmọ a-jẹ́-kíkí-bí-ẹni-jẹ́-ìpè…"

Àyọ̀kẹ́ lu itan. "Abájọ! Ẹ wá wo ohun tó ń tì mí tẹ fóònù!"

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Comfort ń bu omi, Àyọ̀kẹ́ ń wẹ ọmọ. Ó bẹ̀rẹ̀ oríkì, ó gba àárín rẹ̀ kọjá láìfàsẹ́yìn, ó sì kì í já. Ọmọ náà la ojú kalẹ̀, kò sunkún.

Comfort gbé igbá omi sílẹ̀. "Àna mi, ẹ tún un kì. Mo fẹ́ kọ́ ọ."

"Ẹ kọ́kọ́ kì tiyín," ni Àyọ̀kẹ́ dá a lóhùn. "Ọmọ yìí létí méjì."