Ta Ló Ni Ìbọn Reinhold?

"Igi mọ́ọ̀pù ni."

"Igi ìgbálẹ̀ ni, àna mi. Ẹ wò ó, wọ́n kùn ún láwọ̀ ewé. Ta ló ń kun igi mọ́ọ̀pù láwọ̀ ewé?"

"Ṣé ìwọ lo máa ń nu ilẹ̀ nílé ẹ ni?"

"Ẹ̀yin náà ẹ ò gbálẹ̀ rí."

Ó ti tó ogún ìṣẹ́jú tí Reinhold Schaible àti Duane Opp ti ń bá a bọ̀ báyẹn nínú gáráàjì Reinhold, láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, ní ìlú wa lẹ́bàá odò ní South Dakota. Reinhold ló fẹ́ LaVonne, ẹ̀gbọ́n Duane. Reinhold fi ọdún méje ju Duane lọ, ìdí nìyẹn tí Duane fi máa ń bọ̀wọ̀ fún un tó bá ń bú u.

Igi tí wọ́n ń jà sí wà lórí tábìlì, ìbọn ìléwọ́ kan sì wà lẹ́nu ẹ̀. Reinhold fúnra ẹ̀ ló ń ṣe ìbọn yẹn látinú oṣù kìíní. Ó ń ra ẹ̀yà ẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó ń fi fáìlì ha á, ó ń tò ó. Ní Sátidé tó kọjá, ó fẹ́ fín ọ̀dà sí i, kò sì fẹ́ kí ọ̀dà kan òun lọ́wọ́, ló bá ki igi bọ̀ ọ́ nídìí, bí ẹran àgùntàn tí wọ́n máa ń gún mọ́gi kí wọ́n tó dín in ní ilé ọtí. Ọ̀dà gbẹ dáadáa. Bó ṣe gbẹ tán, Reinhold gbé ìdí igi lé èjìká, ó di ojú kan, ó ní kí LaVonne ya òun ní fọ́tò, ó sì fi ránṣẹ́ sí gbogbo ẹgbẹ́ apẹja lórí fóònù. Èèyàn mọ́kànlélógójì ló rẹ́rìn-ín. Duane nìkan ni ò rẹ́rìn-ín.

"Ẹ jẹ́ n tún un sọ," Duane ní. "Ìbọn ìléwọ́, ọwọ́ la fi ń dì í mú. Tẹ́ ẹ bá ti ki nǹkan bọ̀ ọ́ nídìí, tẹ́ ẹ gbé e lé èjìká, ó ti di ìbọn gígùn lójú òfin nìyẹn. Ìbọn gígùn tí ẹnu ẹ̀ wá kúrú báyìí, ẹ gbọ́dọ̀ ti kọ̀wé sí ìjọba kẹ́ ẹ tó ṣe é. Ẹ ò kọ̀wé. Fọ́tò lẹ yà."

"Mọ́ọ̀pù ni mo gbé lé èjìká."

"Ìgbálẹ̀ ni."

"Kí wá ni ìyàtọ̀?"

"Ẹ̀yin lẹ̀ ń jà sí i."

Ká má parọ́, ọ̀rọ̀ igi kọ́ ló ń dun Reinhold. Ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi ló ń wá. Tiẹ̀ ti kú látìgbà ìkórè, ìdíje ẹja pípa sì ku ọ̀túnla. Ọdún mẹ́rìndínlógún ló ti ń lọ síbẹ̀. Kò gba nǹkan kan rí, ṣùgbọ́n kò pa á jẹ rí. Duane ní ẹ́ńjìnnì méjì. Àdéhùn wọn ni pé tí ìbọn bá parí, Duane á gba ìbọn, Reinhold á gbé ẹ́ńjìnnì kan. Ní báyìí, Duane ní òun ò gba ìbọn tó ti rúfin kó tó dáyé, ẹ́ńjìnnì òun ò sì kúrò nílé.

"Ó dáa," Reinhold ní. "Ká lọ bá Ardith."

Ardith Weisz ló ń ta ìbọn nílùú wa. Ó ti lé láàádọ́rin ọdún. Ìwé àṣẹ tí ìjọba fún un wà lára ògiri ṣọ́ọ̀bù ẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fọ́tò ọkọ ẹ̀ tó ti kú. Férémù ìwé ló tóbi jù. Ọkọ̀ Duane ni wọ́n gbé débẹ̀. Wọ́n fi ìbọn sílẹ̀ nílé, wọ́n mú fóònù dání, wọ́n bá Ardith tó ń jẹ kuchen, àkàrà òyìnbó tí wọ́n fi èso sí láàárín.

"Ẹ káàárọ̀, mà," Duane ní. "Ẹ bá wa wo fọ́tò yìí. Ṣé wọn ò ní ti àna mi mọ́lé báyìí?"

Ardith wò ó. "Kí ló wà nídìí ẹ̀ yẹn?"

"Mọ́ọ̀pù."

"Ìgbálẹ̀."

Ardith tún bu kuchen sẹ́nu. "Reinhold, kí lo ki igi bọ̀ ọ́ fún?"

"Kí n lè fín ọ̀dà sí i."

"Ṣé o yìn ín láti èjìká ni?"

"Kò tíì ní sípíríǹgì nínú, mà. Kò lè pa eṣinṣin."

"Ohun tó o torí ẹ̀ ṣe nǹkan lòfin máa ń kọ́kọ́ béèrè. Èmi kì í ṣe lọ́yà, àmọ́ igi ọ̀dà ni mo rí yìí. Yọ ọ́ kúrò, má sì fi ṣàpárá mọ́."

Reinhold wo Duane títí. Tó bá jẹ́ pé ibẹ̀ ni wọ́n ti yíjú padà sílé ni, ì bá dáa. Ṣùgbọ́n Duane ò fẹ́ kí ọ̀rọ̀ tán síbẹ̀.

"Mà, tí àwọn ìjọba bá wá bi àna mi ńkọ́? Ta ni wọ́n máa mú?"

"Ẹni tó ni ín ni wọ́n máa kọ́kọ́ bi. Ta ló ni ín?"

"Àna mi ló ni ín," Duane ní.

"Duane ló ni ín," Reinhold ní.

"Èmi kẹ̀? Ta ló ń ṣe é?"

"Ta ni mò ń ṣe é fún?"

"Ẹ má kó bá mi o, àna mi."

"Mo ní ẹ̀rí," Reinhold ní. Ó yọ fóònù, ó na ọwọ́ jìnnà kí ojú ẹ̀ lè rí i. "Ọjọ́ kẹrin oṣù kìíní. Duane kọ ọ́ sí mi: 'Ẹ bá mi ṣe ìbọn kan, màá fún yín ní ẹ́ńjìnnì mi kejì.' Mo dá a lóhùn: 'Ó ti di tìẹ.' Mà, ṣé ẹ gbọ́? Látọjọ́ kìíní ni mo ti ń ṣe é fún un. Mi ò fẹ́ ẹ fún ara mi lọ́jọ́ kan ṣoṣo."

Duane na ọrùn wo fóònù náà. Ẹ̀rí náà dúró.

Ardith gbé fọ́ọ̀kì sílẹ̀. "Má tún un sọ nínú ṣọ́ọ̀bù mi."

"Ṣé mo parọ́ ni?"

"O ò parọ́. Wàhálà ẹ gan-an nìyẹn. Tó o bá ṣe ìbọn kan nílé ẹ fún ara ẹ, tí o ò sì ní ọ̀ràn kankan lọ́rùn, níbí, kò sẹ́ni tó máa bi ẹ́. Tó o bá ń ṣe é fún ẹlòmíì kó lè fún ẹ ní nǹkan, ó níwèé tí àwọn tó ń ṣe ìbọn tà máa ń gbà. Ṣé o ní in?"

"Mo níwèé ẹja pípa."

Ardith nawọ́ sí ìwé àṣẹ tó wà lára ògiri.

"Ó dáa," Reinhold ní. "Èmi ni mo ni ín."

"O ṣẹ̀ṣẹ̀ kà á sí mi létí pé ìwọ kọ́."

"Ṣé ẹni tó ṣe ìbọn fún ara ẹ̀ ò lè tà á tó bá sú u?"

"Ó lè tà á lọ́jọ́ kan, tó bá sú u lóòótọ́."

"Ó ti sú mi."

"Ìgbà wo?"

"Báyìí."

"O ò tíì ṣe é tán."

"Nǹkan máa ń tètè sú mi, mà. Ẹ bi LaVonne."

"Ọjọ́ wo lo wá fẹ́ tà á?"

"Lọ́la, lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́. Kí n lè ráyè de ẹ́ńjìnnì mọ́dìí ọkọ̀."

"Reinhold, nǹkan yẹn ò sú ẹ. Òwò lò ń ṣe." Ardith yíjú sí Duane. "Ìwọ, má gba ìbọn lọ́wọ́ ẹ̀. Reinhold, parí ẹ̀ fún ara ẹ, tàbí kó o tú u palẹ̀. Kí ẹ́ńjìnnì dúró síbi tó wà. Tí mo bá rí ẹ pẹ̀lú ẹ̀ lójú odò ní Sátidé, ẹnikẹ́ni ò lè sọ fún mi pé ọ̀fẹ́ ni."

Duane ní, "Ẹ ṣé, mà." Ó rọ̀ ọ́ lọ́rùn gan-an, ó sì mú kuchen kan láìbéèrè.

Reinhold ò tíì ṣe tán. "Mà, ìbéèrè méjì péré. Ta ló ní kí n ṣe ìbọn?"

"Duane."

"Ta ló dúró síbí yìí tó ní kì í ṣe tòun?"

Ardith mí kanlẹ̀. "Duane."

"Ó parí. Òun ló yẹ àdéhùn, èmi ni mo jàre," Reinhold ní. Ó dé fìlà ẹ̀, ó jáde.

Duane sáré tẹ̀ lé e títí dé ìdí ọkọ̀. "Àna mi, ẹ wọlé ká máa lọ. Máìlì mẹ́ta nilé yín sí ibí."

"Mi ò kì í wọ ọkọ̀ ẹni tí mo bá ti borí."

Ó mú ọ̀nà pọ̀n. Àwọn apẹja tó fẹ́ wo odò ṣáájú ìdíje ti ń fi ọkọ̀ wọn wọ́ ọkọ̀ ojú omi kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, ẹ́ńjìnnì ńlá ńlá lẹ́yìn ìkọ̀ọ̀kan. Reinhold gbé àyà sókè, ó ń juwọ́ sí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹni tí wọ́n jáde wá kí.