Káàdì Kan Tó Dín Nínú Àpótí K

"Kí ni ẹ fẹ́ kí n tẹ̀ síbí?"

Bàbá Tàdáwà, tó ni ilé ìtẹ̀wé, fi ìka rẹ̀ tó ti dúdú lé àlàfo tó wà láàárín "kind" àti "kindness". Aránṣọ, ọmọbìnrin tó gbé iṣẹ́ náà wá, wo àbúrò rẹ̀, àbúrò náà wo òrùlé, bí ẹni pé ibẹ̀ ni ìdáhùn ti máa jábọ́.

Ìwé atúmọ̀ èdè tí bàbá wọn fi ọdún mẹ́rìnlélógún ṣe ni wọ́n fẹ́ tẹ̀. Tíṣà ni bàbá náà, ó sì ti dolóògbé. Àpótí bàtà mẹ́rìndínlógún ló fi sílẹ̀, káàdì kún inú wọn fọ́fọ́, ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kọ̀ọ̀kan lórí káàdì tirẹ̀. Ìwé kan wà pẹ̀lú wọn tó to gbogbo rẹ̀ ní nọ́ńbà. Ibẹ̀ ni wọ́n ti rí i pé "kindle" ló dín, wọ́n sì rí ohun tí bàbá kọ síwájú rẹ̀: "ẹnu ìyá wọn".

Tíṣà ní òfin kan. Kì í kọ ìtumọ̀ láti orí ara rẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ rí ẹni tó ń ṣe nǹkan náà, kó gbọ́ ohun tó ti ẹnu onítọ̀hún jáde, kó kọ ọ́ bó ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́, kó sì kọ ẹni tó ni ẹnu síbẹ̀. Nítorí "weld", ó jókòó ti wẹ́dà kan títí iná fi ta sí ṣòkòtò rẹ̀, tó dá ihò mẹ́ta sí i.

Aránṣọ rántí bí bàbá ṣe máa ń yọ́ wọ ilé ìdáná, káàdì lápò, bírò létí. Ìyá wọn á ti wà lórí ìkúnlẹ̀ níwájú ààrò, á máa fẹ́ iná, èéfín á bo ojú rẹ̀.

"Bàbá wọn, ẹ tún ti dé? Ṣé ọkọ ni mo fẹ́ ni, àbí akọ̀wé kóòtù? Mi ò lè húkọ́ nínú ilé yìí mọ́, ẹ ti kọ ọ́ sílẹ̀!"

"Ìyá wọn, tún un hú dáadáa. Mi ò tíì ní 'cough'."

Káàdì mọ́kàndínlógún ló ti ẹnu ìyá náà wá. "Kindle" ló kẹ́yìn. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, àìsàn gbé e dè, kò sì padà wọ ilé ìdáná náà mọ́ títí ó fi kú. Wọn ò gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ sórí ẹ̀rọ kankan. Ìdí nìyẹn tí Aránṣọ fi tú ilé láti òkè délẹ̀, tó yẹ abẹ́ ibùsùn wò, tó gbọn gbogbo ìwé bàbá rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń gbọn aṣọ tí èèrà wọ̀.

"Lọ́sàn-án yìí la máa gbé ojú ìwé náà sórí ẹ̀rọ," ni Bàbá Tàdáwà wí. "Mi ò lè dá àwọn òṣìṣẹ́ dúró nítorí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo."

"Àǹtí mi, ẹ kọ 'dá iná', ká máa lọ," ni àbúrò rẹ̀ wí.

"Ẹni tó ju ìṣáná sínú bẹntiróòlù ńkọ́? Òun náà kọ́ ló dáná yẹn? Ṣé 'kindle' nìyẹn?"

"Ẹ kọ 'tan iná' nígbà náà."

"Àtùpà là ń tàn. Wò ó, 'kindle' ní sùúrù nínú. Igi wẹ́wẹ́ lo máa kọ́kọ́ kó jọ, wàá fẹ́ ẹ, wàá fẹ́rẹ̀ẹ́ bẹ̀ ẹ́. Wọ́n tún ń lò ó fún ìfẹ́, fún ìrètí, fún ohunkóhun tó bẹ̀rẹ̀ kín-ún tó wá ń gbilẹ̀."

"Ẹ ò wá kúkú kọ gbogbo ìyẹn?"

"Ẹnu tèmi nìyẹn máa jẹ́." Aránṣọ fa ojú ìwé náà mọ́ra. "Ẹnu ìyá mi ni mò ń wá."

Bàbá Tàdáwà, tó bá bàbá wọn ṣọ̀rẹ́ láti ìgbà èwe, mú àkísà, ó nu ọwọ́ tí kò lè mọ́.

"Ó dáa, ọmọ mi. Kọ tìrẹ síbẹ̀. Bàbá rẹ ò ní bínú."

Aránṣọ mú bírò. Ó kọ ìlà kan, ó fagi lé e. "Báwo ló ṣe máa gùn tó?"

"Bí èyí." Bàbá Tàdáwà ò tiẹ̀ gbójú sókè. Ó kàn na ìka sí ògiri tó wà lókè ẹ̀rọ, níbi tó fi ìṣó kan káàdì kan mọ́, káàdì tó ti pọ́n, tí tàdáwà ti ta sí lára. "Bàbá rẹ ló mú un wá lọ́jọ́ tí a kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ iṣẹ́ yìí. Ó ní èyí tí òun ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ nìyẹn, bó ṣe rí ni kí gbogbo wọn rí. Òun ni mo fi ń wọn gbogbo ìyókù láti ọjọ́ yẹn."

"Kí ló wà lórí ẹ̀?"

"Kí ni mo fẹ́ mọ̀ ńbẹ̀? Ẹni tó ń to lẹ́tà kì í ka ọ̀rọ̀. Bí lẹ́tà ṣe tóbi ló ń wò."

Aránṣọ fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ dúró, ó fi àtàǹpàkò nu eruku orí káàdì náà, ó kà á:

"Kindle: fi sùúrù dá iná. 'Bàbá wọn, ẹ má tíì kọ nǹkan kan. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ràn ni.' Ẹnu ìyá wọn."