Ẹ̀jẹ̀ Inú, Itọ́ Funfun

Ẹ bá mi wo ọ̀ràn Ìbílọlá. Ìwádìí ẹ̀jẹ̀ ló ń ṣe ní yunifásítì Ìkọ̀lé. Ó ní nínú ẹ̀wà àti ẹran tí à ń jẹ ni ara ti ń rí àwọn èérún kan tí wọ́n ń pè ní amino ásíìdì. Ẹ̀jẹ̀ ló ń gbé wọn kiri, ọpọlọ a sì fi òmíràn nínú wọn ṣe ohun tó ń mú ọkàn ènìyàn balẹ̀. Ó wá fẹ́ mọ̀ bóyá ẹnu ọ̀nà tí wọ́n ń gbà wọ inú sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ há jù lára ẹni tí ìbànújẹ́ kì í fi sílẹ̀.

Ló bá gbé kúlà tí yóò kó ẹ̀jẹ̀ sí dé Ìgbólé, ìlú bàbá rẹ̀. Ìgò ọlọ́mọrí pupa wà fún ẹni tí inú rẹ̀ bàjẹ́, aláwọ̀ ewé fún ẹni tí ara rẹ̀ dá. Ó bi àwọn ará ìlú pé ṣé inú wọn ń dùn. A dúpẹ́! Màmá tí ìjì ṣí òrùlé rẹ̀ lánàá, a dúpẹ́. Bàbá tí kòkó rẹ̀ rà lórí igi, a dúpẹ́. Ta ni yóò tú àṣírí ara rẹ̀ síta níwájú kúlà? Ọ̀sán pọ́n, kò sí ẹ̀jẹ̀ nínú ọlọ́mọrí pupa kankan, bẹ́ẹ̀ ọ̀gá rẹ̀ ti kìlọ̀ pé láìsí ìyẹn, kò sí ìwádìí.

Bàbá Ọládipọ̀ ló kù, àbúrò bàbá rẹ̀. Bàbá yìí dé ilé òkú rí, olóòkú rẹ́rìn-ín títí tó fi gbàgbé ẹkún. Ìbílọlá bi í lórí ìrìn, ó ti mú aláwọ̀ ewé dání. Bàbá di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Ìbílọlá, kíkí lo kí mi. O ò tíì bi mí."

Ìbílọlá rẹ́rìn-ín, bàbá ò rẹ́rìn-ín. Ó gbé ìgò sílẹ̀, ó jókòó, ó wá bi í pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bí ó ṣe ń sùn, àti bí ó ṣe ń jí.

"Láti ìgbà tí ìyá Láyí, ìyàwó mi, ti kú, mi ò mọ ohun tí mò ń jí sí. Ẹ̀rín tí ẹ ń rí yẹn, uṣẹ́ ni mò ń ṣe. Ẹ̀jẹ̀ ló wà nínú, itọ́ funfun là ń tu jáde."

Omi bọ́ lójú Ìbílọlá. Gbogbo ọdún yìí, àwàdà bàbá yìí ló ń wá jẹ nílé wọn! Ó fa ẹ̀jẹ̀ bàbá sínú ọlọ́mọrí pupa, ṣùgbọ́n ó ní ìyẹn kì í ṣe ìtọ́jú o, lọ́la àwọn méjèèjì ń lọ rí dókítà ní Ìdó. Bàbá gbà, bí wọ́n bá ti lè fún òun ní iwájú ọkọ̀.

Ó wá wo ojú rẹ̀. "Ìwọ náà ńkọ́, ọmọ mi? Ṣé dáadáa lo wà?"

"A dú..." Ìbílọlá gbé e mì. Ó fa àga rẹ̀ sún mọ́ bàbá.