Awọ Orí Àjà

Ẹ ti gbọ́ ìtàn yìí rí, àmọ́ lẹ́nu àwọn ará ilé ọkọ lẹ ti gbọ́ ọ. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ láti ọ̀dọ̀ ẹni tó ni awọ.

Awakọ̀ kan tó ń kó pákó ló dúró létí odò láti bu omi sínú ọkọ̀ rẹ̀ tó ń gbóná. Ó rí obìnrin kan tó ń wẹ̀, ó sì rí awọ àgbọ̀nrín lórí òkúta. Ó mọ ohun tó rí. Ó ká awọ náà, ó tì í sábẹ́ ìjókòó, ó wá fi ohùn pẹ̀lẹ́ béèrè bóyá kí òun gbé obìnrin náà dé ìlú. Láìsí awọ, kò ṣeé ṣe fún un láti padà sínú igbó. Ó tẹ̀ lé e.

Wọ́n fẹ́ra, wọ́n bí ọmọbìnrin kan. Ọkọ kò nà án, kò febi pa á. Bí obìnrin náà bá sì béèrè awọ rẹ̀, ọkọ á ní, "Awọ wo?" Ó wá a lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó wá a nínú àpótí. Orí àjà nìkan ni kò dé, nítorí inú ọkọ̀ akẹ́rù ni ọkọ ń tọ́jú àkàbà sí.

Nígbà tó sú u, ó lọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ìyá àgbà kan tó ń rán awọ sórí àga. Ọ̀gá ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Kò pẹ́ tí obìnrin náà fi mọ iṣẹ́ ju ẹni tó kọ́ ọ lọ.

Ní ọjọ́ kan tí òjò ń jò sínú ilé, ọkọ gun orí àjà láti di ihò. Ó fọwọ́ kan awọ náà, etí awọ náà kan sì kán sí i lọ́wọ́ bíi búrẹ́dì gbígbẹ. Bí awọ bá ń kú, ta ló mọ̀ bóyá ìyàwó náà yóò kú? Ó fi aṣọ wé e, ó sì gbé e lọ bá Ọ̀gá ní ọjọ́ tí ìyàwó rẹ̀ kò lọ síbi iṣẹ́.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ bá mi tún un ṣe. Ẹ má jẹ́ kí ìyàwó mi rí i."

"Kí ló dé? Ẹ̀bùn ni?"

"Hẹn… ẹ̀bùn ni, mà."

Ọ̀gá gbìyànjú títí. Ibi tó bá ti fẹ́ ká awọ náà ló ń sán. Nígbà tí ìyàwó dé, Ọ̀gá pè é wọlé.

"Ọkọ ẹ ló gbé e wá. Ó ní o ò gbọ́dọ̀ rí i. Jọ̀ọ́, bá mi wò ó, kó o ṣe bí ẹni tí ò rí i."

Obìnrin náà gbé ọwọ́ lé e. Omijé bọ́ lójú rẹ̀. Ọ̀gá wò ó, ó wo awọ, ó dìde lọ ti ilẹ̀kùn.

"Tìẹ ni?"

"Tèmi ni, mà."

"Ó kúkú ní ẹ̀bùn ni. Olè tó ń fi ẹrù olóhun ta olóhun lọ́rẹ!"

Òróró inú awọ ni kì í jẹ́ kó le. Bí ooru bá fà á jáde, awọ á gan bíi pákó, bí a bá sì fi ipá ká a, á sán. Nítorí náà, obìnrin náà kọ́kọ́ fi aṣọ tó tutù díẹ̀ bò ó. Lẹ́yìn ìyẹn ló ń fi òróró pa á díẹ̀díẹ̀, ó ń fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ̀ ẹ́, ó sì ń sá a síbòji. Ó rán etí padà. Ó wá wọ̀ ọ́ wò, kò pàdé níhà.

"Ìwọ bímọ, awọ ò bá ẹ bímọ," ni Ọ̀gá wí, ló bá gé awọ àga díẹ̀ fún un. Ó fi òòlu tó ní ẹnu ṣóńṣó lu ihò sí i, ó rán an mọ́ ìhà méjèèjì. Àwọ̀ rẹ̀ kò bá ti àgbọ̀nrín mu. Àmọ́ ó pàdé.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí iṣẹ́ náà parí, ọkọ bá awọ náà lórí tábìlì nílé. Ó jókòó pọ̀ọ́.

"O ti rí i."

"Mo rí i. Ẹ ò mọ̀ pé ooru páànù òrùlé á mú un gbẹ?"

"Mo rò pé bí mo bá ṣáà ti gbé e pamọ́, kò ní bàjẹ́."

"Ẹ ò bi mí."

"Ẹ̀rù ń bà mí kó o má lọ."

"Màá lọ."

Ó wọ awọ náà lójú ọkọ àti ọmọ rẹ̀, ó sì gba ẹnu ọ̀nà jáde sínú igbó.

"Bàbá mi, ṣé màámi máa padà?"

"N ò mọ̀, ọmọ mi." Ọjọ́ náà ni ọ̀rọ̀ awọ kọ́kọ́ jẹ́ òótọ́ lẹ́nu rẹ̀.

Ní ìdájí, obìnrin náà padà pẹ̀lú ìrì lára. Kò wo ọkọ. Ó kan ìṣó sẹ́yìn ilẹ̀kùn níbi tí oòrùn kì í dé, ó gbé awọ náà kọ́, ó pe ọmọ rẹ̀. "Mú òróró wá. Fi ọwọ́ rẹ sí i. Rọra."

Ọkọ dúró wò wọ́n. Lẹ́yìn náà, ó bọ́ síta lọ sídìí ọkọ̀ rẹ̀, ó gbé àkàbà wọlé, ó fi ti ògiri, kò sì gbé e padà sínú ọkọ̀ mọ́.