Lábẹ́ Ahọ́n Bọ́dúnrìn

Òfin iṣẹ́ wa lórí ikọ́ ẹ̀gbẹ kò ṣòro. Fún aláìsàn ní oògùn, bu omi fún un, dúró tì í títí yóò fi gbé e mì. Lẹ́yìn náà kí ó la ẹnu, kí ó gbé ahọ́n sókè, kí o yẹ abẹ́ rẹ̀ wò. Àràárọ̀ ni, fún oṣù mẹ́fà.

Gbogbo ẹlẹ́wọ̀n tó ń gba oògùn lọ́wọ́ mi ní ọgbà ẹ̀wọ̀n kékeré tí mo ti ń ṣe nọ́ọ̀sì, lọ́nà Odògbolú, ni mo ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún. Àfi Bọ́dúnrìn.

Káfíńtà ni, ọmọ Ìjẹ̀bú-Imùṣin. Wọ́n ní ó jí jẹnẹrétọ̀ oníbàárà rẹ̀. Ọdún kejì rèé, adájọ́ kò tíì gbọ́ ẹjọ́ náà. Ohùn rẹ̀ tutù bí omi inú àmù. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí mo ní kí ó gbé ahọ́n sókè, ó wò mí lójú.

"Áńtí Rahmah, ṣé olè ni mo jẹ́ lójú ẹ̀yin náà?"

Ọkàn mi yọ́. Láti ọjọ́ náà, bó bá ti gbé ife sẹ́nu báyìí, fáìlì ni mo máa ń wò. Mo rò pé iyì ni mo ń bù fún un.

Mọ́rúfù, wọ́dà tó máa ń mú un wá, kì í jẹ́ kí n sinmi. "Nọ́ọ̀sì, ẹni yìí nìkan lẹ ń rẹ́rìn-ín sí. Tèmi ńkọ́?"

"Tiyín wà nínú kànga, ẹ lọ fà á."

Bọ́dúnrìn a rẹ́rìn-ín títí ikọ́ á fi gbé e. Ó ní bí òun bá jáde, òun yóò kan bẹ́ẹ̀dì ìrókò fún mi. "Kí Alhaji bàbá yín má baà sọ pé káfíńtà ò lè fẹ́ ọmọ òun."

Mo sùn lórí bẹ́ẹ̀dì yẹn nínú àlá mi láìmọye ìgbà.

Ṣùgbọ́n nígbà tí oògùn pé oṣù méjì, tó yẹ kí ara rẹ̀ máa kún, ńṣe ló ń gbẹ. Mo kọ̀wé pé kí wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù ní Ìjẹ̀bú-Òde. Ọ̀gá ọgbà ẹ̀wọ̀n buwọ́ lù ú lọ́jọ́ Ajé. Lọ́jọ́ kejì, kò sí ọkọ̀. Lọ́jọ́ kẹta, ọkọ̀ wà, àmọ́ àwọn wọ́dà tí yóò gbé ìbọn tẹ̀lé e ti kó àwọn kan lọ sí kóòtù.

Lọ́jọ́ kẹrin, Mọ́rúfù nìkan ló wọlé. Kò ṣe yẹ̀yẹ́.

"Nọ́ọ̀sì, ẹ jókòó ná."

N kò jókòó. Mo sáré dé yàrá tí Bọ́dúnrìn ń sùn. Wọ́n ti faṣọ bò ó lójú. Bàbá Harold, àgbàlagbà tí wọ́n jọ ń sùn nínú yàrá náà, jókòó síbi ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ń wúkọ́. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún sẹ́yìn ni mo ti fi kẹ̀lẹ̀bẹ̀ bàbá yìí ránṣẹ́ sí ìlú fún àyẹ̀wò, èsì kò dé. Bí èsì ò bá sì dé, kò sóògùn. Orúkọ aláìsàn ni wọ́n ń kọ sára páálí oògùn kí wọ́n tó gbé e wá.

Bàbá na ọwọ́ sí mi. Hóró oògùn mẹ́ta ló wà nínú ọ̀rá tó dì mú.

"Tàná rèé, ọmọ mi. N ò lè lò ó. Abẹ́ ahọ́n ló ń gbé e sí wá fún mi láràárọ̀. Mo ní kó yéé ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ní ọ̀dọ́ lòun, ara òun á gbà á. Ó ní Áńtí ò jẹ́ wo ẹnu òun láéláé."

Èsì bàbá dé ní ọjọ́ kẹsàn-án ikú Bọ́dúnrìn. Ikọ́ ẹ̀gbẹ ni lóòótọ́. Wọ́n gbé oògùn tirẹ̀ wá, mo bu omi fún un, ó gbé e mì.

"Ẹ la ẹnu, Bàbá. Ẹ gbé ahọ́n yín sókè."

Ó gbé e. Mo tẹ̀ síwájú, mo wò ó, àfi bí omijé ṣe dí mi lójú tí n kò rí nǹkan kan mọ́. Mo fi apá aṣọ nu ojú.

"Ẹ má tíì pa á dé, Bàbá. Ẹ jẹ́ kí n tún un wò."