Ibi Tí Joseph Ń Kó Páléètì Lọ

Ẹrẹ̀ ló kọ́kọ́ mú kí ara fu Ìsíátù. Ẹrẹ̀ pupa ló bo táyà ọkọ̀ akẹ́rù Joseph nígbà tó wọ ọgbà ilé-iṣẹ́ wọn ní Felele, bẹ́ẹ̀ ọ̀dà ni wọ́n fi tẹ́ ọ̀nà Àbújá. Ó wo aago. Wọn ò tíì pe ìrun Àsárì, ibi tí wọ́n sì rán Joseph lẹ́yìn Àbújá láago mẹ́wàá àárọ̀, wákàtí mẹ́rin ni àlọ nìkan.

"Ẹ kú ọ̀nà o, ẹ̀gbọ́n Joseph. Ẹ mà tètè dé."

"Ọ̀nà ṣófo ni, Hàjíà," ni Joseph wí. Kò wo ojú rẹ̀.

Ìsíátù ló ń tọ́jú ilé ìkẹ́rù ní ilé-iṣẹ́ náà, níbi tí wọ́n ti ń ta oògùn apakòkò fún àwọn àgbẹ̀. Orí páléètì, ìyẹn pẹpẹ onípákó, ni wọ́n ń to kẹ́ẹ̀gì oògùn lé. Bí kẹ́ẹ̀gì bá jò, pákó á mu oògùn yó, kò sì sí omi tó lè fọ̀ ọ́ kúrò. Irú páléètì bẹ́ẹ̀, Ìsíátù á fi ọ̀dà pupa sàmì sí i, Joseph á sì kó o lọ síbi iná ńlá tí wọ́n dìídì kọ́ fún irú rẹ̀, lẹ́yìn Àbújá. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fi dáná, torí èéfín rẹ̀ gan-an májèlé ni. Wọn kì í sì í fi tọrẹ.

Lọ́sẹ̀ yẹn kan náà, Ìsíátù gbé àga tó kán lọ sọ́dọ̀ Àbùbákàr, káfíńtà kan ní Crusher. Ó bá a tó ń fá pákó. Àmì pupa wà lára pákó náà, ó ti fá ìdajì rẹ̀ lọ. Ìsíátù mọ iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀.

"Kí lẹ fẹ́ fi èyí ṣe?"

"Bẹ́ẹ̀dì ọmọ ọwọ́ ni. Mo ti ta ọ̀kan. Igi gidi ni, Hàjíà, kòkòrò kankan kì í sún mọ́ ọn."

"Ta ló kó o wá?"

"Dírẹ́bà yín, ará Oworo yẹn."

Ìsíátù gba ọ̀dọ̀ Bámiṣayé, ọ̀gá wọn, lọ tààrà. Bámiṣayé gbọ́ ọ tán, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Fi Joseph sílẹ̀ fún mi. Má sọ fún ẹnikẹ́ni." Ìsíátù ti dé ẹnu ọ̀nà kó tó kíyè sí i pé ọ̀gá ò béèrè orúkọ káfíńtà, kò sì béèrè bóyá ó ṣì ku pákó lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tí wọ́n jí ẹrù rẹ̀ kì í dákẹ́ báyẹn.

Nígbà tí Joseph tún di ẹrù, Ìsíátù gun iwájú ọkọ̀, ó jókòó. "Èmi náà ń bá yín lọ lónìí."

Joseph wò ó títí kó tó ṣáná sí ọkọ̀. Wọn ò tíì rìn jìnnà tó fi yà kúrò lójú títì, ó gba ọ̀nà ẹlẹ́rẹ̀ tó wọ àárín àwọn òkè Oworo. Ìsíátù yọ fóònù. Nẹ́tíwọ́kì ti lọ.

"Ibo là ń lọ?"

"Ibi tí ẹ fẹ́ rí náà ni."

Ẹ̀yìn abúlé kan ni wọ́n dúró sí. Obìnrin kan tó ń bó ẹ̀gẹ́ kí wọn pé, "Okun o." Joseph dá a lóhùn, ó sì ṣí àgádágodo ilé búlọ́ọ̀kù kan tí ẹnikẹ́ni ò gbé. Sìmẹ́ńtì ni ilẹ̀ rẹ̀, wọ́n tẹ́ rọ́bà tapólì lé e, páléètì alámì pupa sì tò lórí rẹ̀ dé òrùlé.

"Ibí lẹ ti fẹ́ máa tà á?"

Joseph fa ìwé kan yọ lápò. "Ẹ̀yin lẹ ní kí n kó o fún káfíńtà. Ẹ kà á."

Ìwé náà ní páléètì wọ̀nyí mọ́ tónítóní, kí dírẹ́bà kó wọn lọ fún káfíńtà ní Crusher. Orúkọ Ìsíátù àti ìbuwọ́lù rẹ̀ wà nísàlẹ̀.

"Ẹ̀ẹ̀kan ni mo kó o lọ," ni Joseph wí. "Lọ́jọ́ kejì ọwọ́ mi lé ròrò. Mo ti fọ́n oògùn yẹn sóko rí, mo mọ òórùn rẹ̀. Látìgbà náà, ibí ni mò ń kó o pa mọ́ sí. Ọ̀gá rò pé mò ń kó o dé Crusher."

"Kí ló dé tẹ́ ò sọ fún mi?"

"Ẹ̀yin kẹ̀? Ẹ̀yin tí orúkọ yín wà nínú ìwé?"

Ìsíátù wo déètì. "Ẹ̀gbọ́n Joseph, ọjọ́ tí mo lọ síbi fídáù ìyá mi ní Ìlọrin nìyí. Ẹ̀yin náà lẹ gbé mi lọ sí gáréèjì."

Joseph gba ìwé náà, ó kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ó rọra jókòó sí ẹnu ọ̀nà. "Bámiṣayé ló fi í lé mi lọ́wọ́. Hàjíà, mo ti ń gégùn-ún fún yín."

"Èmi náà ti ń pè yín ní olè."

Wọn ò padà sọ́dọ̀ ọ̀gá. Ọ́fíìsì ìjọba tó ń rí sí àyíká ni wọ́n mú ìwé náà lọ, Ìsíátù sì pe orílé-iṣẹ́ tó ń darí ilé-iṣẹ́ oògùn wọn. Àṣírí tú pé owó tí wọ́n ń yà sọ́tọ̀ fún iná náà, àpò Bámiṣayé ló ń wọ̀. Wọ́n lé e. Ọkọ̀ akẹ́rù tí wọ́n bo ẹ̀yìn rẹ̀ pa wá kó gbogbo páléètì náà lọ síbi iná ńlá, Joseph tẹ̀lé e, ó sì dúró títí gbogbo rẹ̀ fi di eérú. Nígbà tí òun àti Ìsíátù lọ kó pákó tó kù ní Crusher, Àbùbákàr kọ́kọ́ bú wọn, ó ní wọ́n fẹ́ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ òun, àfìgbà tí Ìsíátù ní kó wo àtẹ́lẹwọ́ ara rẹ̀ tó ń bó. Ló bá sọ orúkọ ẹni tó ra bẹ́ẹ̀dì: Ọmọ́wùmí, ní Lokongoma.

Ọmọ́wùmí ò ṣí géètì. Ó yọjú láti inú ihò ara géètì náà. "Ta ló rán yín? Owó mi ni mo fi ra bẹ́ẹ̀dì mi."

"Ọmọ yín ń sunkún lóru?" ni Ìsíátù béèrè. "Ara rẹ̀ ń yọ nǹkan?"

Ọmọ́wùmí wẹ̀yìn wo inú ilé. Lẹ́yìn náà ni irin géètì dún. Ìsíátù wọlé, ó gbé ọmọ náà sí èjìká, Joseph sì wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà, ó gbé bẹ́ẹ̀dì jáde.